Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Mi Tì Lọ́jọ́ Ìsọmọlórúkọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ọjà Igbúdù láti ra gààrí, ẹja gbígbẹ àti epo díẹ̀. Owó tí mo san lórí ìgò epo kan ṣoṣo, bí ẹ bá kó o fún bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ì bá fi san owó ilé ọdún púpọ̀, ì bá sì tún rí èyí tí yóò fi ra bàtà fún mi. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ta epo náà pé tọ́rọ́ la fi ń ra epo tí ìyá mi yóò fi se ọbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀, pé sísì la fi ń ra ẹja tí ìrù rẹ̀ ń yọ síta nínú agbọ̀n. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Papa, that time, salt don dey?" Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo gbé epo mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo rántí ọdún kan tí tọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, tí epo sì kún ọjà, tí a kò rí epo rà. Kì í ṣe pé epo wọ́n. Àwọn obìnrin Ùròbò tó ń ta epo kò tà fún Ìṣẹ̀kírì mọ́, àwọn obìnrin Ìṣẹ̀kírì tó ń gbé ẹja bọ̀ láti odò kò sì tà fún Ùròbò. Ní ti àwa Yorùbá tí a wà láàárín, ojú wa ni oníkálukú máa ń kọ́kọ́ wò kí ó tó dá wa lóhùn. Ìyá mi á dúró níwájú ìsọ̀ epo pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó ti ga, á kí wọn, wọn á dá a lóhùn, wọn á wá béèrè pé, "Iya Saka, na for who you wan cook?"

Ilé Mama Efe là ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn ọjà Igbúdù. Ilé onípáànù ni, yàrá tò sí ọ̀tún, yàrá tò sí òsì, àgbàlá wà láàárín, igi mángòrò kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mama Efe, obìnrin Ùròbò tó ni ilé, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ó lè rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé náà tán, kò sì pẹ́ tó fi kú, ó wá ku òun àti Efe, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ru ẹrù ní èbúté. Àwa wà lápá ọ̀tún, ní yàrá méjì: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó wá láti Ìjẹ̀bú nítorí oyún ìyá mi. Ní òdìkejì wa gan-an ni Àǹtí Alero ń gbé. Ìṣẹ̀kírì ni, ẹja gbígbẹ àti edé ló ń tà, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí ìyá mi ní jù lọ ní gbogbo Wárì. Bí ó bá ń sọ èdè rẹ̀, ìdajì rẹ̀ máa ń yé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa, nítorí ó fẹ́ jọ èdè tiwa. Ìjọra yẹn dùn mọ́ wa nínú títí di ọdún tí mò ń sọ yìí.

Ìró ló máa ń kọ́kọ́ padà wá sí ọkàn mi. Láàárọ̀, bàbá mi á máa kírun, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ mi lórí iyanrìn àgbàlá, torí èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo sì ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí n tó gbálẹ̀ tán, odó Mama Efe á ti bẹ̀rẹ̀: ẹyìn ló ń gún, tí yóò fún omi rẹ̀ fún ọbẹ̀ tí gbogbo Wárì ń pè ní bangá. Lọ́sàn-án, fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún láti èbúté, Efe á fi aṣọ kọ́ èjìká, á sì sá lọ. Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Alero á máa ro stáàṣì, òkèlè tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lórí iná, ó ń da epo sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pupa tí yóò sì máa fà, àwa ọmọdé á sì tò yí i ká, a ó máa dúró de èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo gbọ́dọ̀ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mama Efe, kí n sọ pé "Mígwo," kí ó dáhùn pé "Vrẹ́ndo," bí àwọn Ùròbò ṣe ń kí àgbà, kí n tó wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ pé mo ń kúnlẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, kí ló fẹ́ ṣe nírọ̀lẹ́? Bí ó bá bá mi wí lédè Ìjẹ̀bú, Píjìn ni mo fi ń dá a lóhùn, á sì wo bàbá mi, á ní, "Làmídì, ọmọ ta lo ránṣẹ́ pè mí wá tọ́jú?"

Òfin kan wà nínú àgbàlá náà tí gbogbo wa mọ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ sí ibẹ̀, bó ti wù kó jẹ́, inú àgbàlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á gbé abọ́ omi kalẹ̀, gbogbo àgbà ilé á ju owó sínú omi náà, oníkálukú á sì pe orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ síbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi kán sí i lára, kí ó sunkún, kí ilé lè mọ̀ pé ó dé. Ìyá mi ló mú àṣà omi orí òrùlé yìí wọ ilé náà nígbà tí ó bí mi, Mama Efe sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ọ́ di ti gbogbo ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi lọ́jọ́ tèmi. Oghenekaro ló sọ mí, kò sì pè mí ní Sàká rí títí ó fi kú.

Ní ọdún yẹn, òyìnbó ṣì ni ajẹ́lẹ̀, àsíá rẹ̀ ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé ìjọba, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ló ń sọ pé ó ń lọ. Ohun tó ń da ìlú rú ni ìbéèrè pé, bí ó bá lọ, ta ni yóò ni ilẹ̀ tó fi sílẹ̀? Ìjọba tó wà n'Ìbàdàn, tí àwọn Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀, fọwọ́ sí i pé kí oyè ọba àwọn Ìṣẹ̀kírì máa jẹ́ orúkọ gbogbo ìlú Wárì. Àwọn Ìṣẹ̀kírì ní bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ohun tó sọnù ló padà. Àwọn Ùròbò àti Ìjọ̀ ní àwọn kò sí lábẹ́ ọba ẹlòmíràn rí, pé ẹni tó bá fi orúkọ ilé gbogbo ènìyàn joyè, ilé náà ló fẹ́ gbà. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀gá kan ya odò àti ilẹ̀ Wárì sára pátákó fún wa, ó fa ìlà síhìn-ín, ó fa ìlà sọ́hùn-ún, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń wá àgbàlá wa láàárín àwọn ìlà náà. Títí dòní, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan nínú wọn parọ́.

Wàhálà tiwa ni pé a jẹ́ Yorùbá. Àwọn Ùròbò ń wò wá bí ẹni pé àwa la fún ọba ní oyè, bí ẹni pé Ìbàdàn ń béèrè lọ́wọ́ bàbá mi kó tó ṣe nǹkan. Àwọn Ìṣẹ̀kírì ń wò wá bí ìbátan tó yẹ kó jáde wá jà, tó wá sá sínú yàrá. Ọkùnrin kan tí ẹgbẹ́ òṣèlú rán wá gun kẹ̀kẹ́ wá bá bàbá mi níbi ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, níbi tó ti ń ta fìtílà, ìgò fìtílà àti abọ́ tanganran, ó ní kí ó jẹ́ kí òun so àsíá ẹgbẹ́ sí iwájú ìsọ̀. Bàbá mi fún un ní àga, ó fún un ní omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fìtílà ni mò ń tà. Ẹni tó ń bọ̀ wá ra fìtílà, òkùnkùn ló ń lé e bọ̀. Bó bá rí àsíá, á padà sínú òkùnkùn." Ọkùnrin náà mu omi tán, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò dágbére. Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ fún wa nídìí oúnjẹ ní ọdún náà: "Àlejò ni wá. Àlejò kì í bá onílé jà, kì í sì í bá onílé jó." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo ti wá dàgbà ju bó ṣe dàgbà nígbà náà lọ, mo sì rí i pé kò sí ilé tí ènìyàn lè gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láì jó rárá.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà. Wọ́n wó àtíbàbà Àǹtí Alero, wọ́n da edé rẹ̀ sínú gọ́tà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé àbúrò Mama Efe dé láti Aladja, níbi tí wọ́n ní oko sí, tí ìjà náà ti ká a mọ́, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gba inú aṣọ náà jáde. Obìnrin méjì ń sunkún nínú ilé kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó kí èkejì. Láti ọjọ́ náà wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Odó Mama Efe ń dún, ọmọorogùn Àǹtí Alero ń dún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó máa ń wà láàárín ìró méjèèjì kò sí mọ́. Ajẹ́lẹ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Àwọn ọlọ́pàá ń fi ọkọ̀ rìn kiri, Efe sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ igi mángòrò pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò mọ̀ rí, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé igi, wọ́n ń wo yàrá Àǹtí Alero.

Inú kónílé-ó-gbélé yìí, ní ọ̀sán gangan, ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Kò sí ẹni tó lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Àǹtí Alero ló máa ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin àdúgbò, ó kọjá láàárín àgbàlá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ Efe, ó wọlé tọ̀ ọ́. Kò pẹ́, Mama Efe náà gbé omi gbígbóná àti àdín wọlé, torí kò sí ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé rẹ̀ rí tí kò sí níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí èmi wọlé, ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi kú ló ń sọ ìtàn náà. Ó ní àwọn méjèèjì kò fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun tí òun ń rọbí ni wọ́n sọ di oníṣẹ́. Mama Efe á ní, "Iya Saka, tell that woman make she shift." Ìyá mi á wa eyín pọ̀, á ní, "Alero, ó ní kí o sún." Àǹtí Alero á ní, "Tell am say na me dey catch pikin, no be she." Ó ní nígbà tó yá òun kígbe mọ́ àwọn méjèèjì pé, "Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bí i ná, kí ẹ tó pín in." Ọmọbìnrin ló bí. Ọwọ́ Àǹtí Alero ló bọ́ sí, omi Mama Efe ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà oníkálukú padà sí yàrá rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, obìnrin méjèèjì ti wá bá bàbá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé àwọn ti ní orúkọ tí àwọn fẹ́ sọ ọmọ. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mama Efe, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Alero, kò ṣèlérí fún ẹnì kankan. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Efe dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ gbá òpó ilẹ̀kùn, ó ní, "Baba Saka, I hear say you wan name pikin. Which name?" Bàbá mi fẹ́ fi ṣàwàdà, ó ní, "Efe, the name never ripe." Efe ní, "When e ripe, make e no get that king smell." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó ní inú yàrá ni àwọn yóò ti sọ ọmọ yìí lórúkọ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì: òun, ìyá ọmọ, Ìyá Àgbà, èmi àti aláfáà. Àgbò pàápàá, ilé aláfáà ni wọn yóò ti pa á, kí igbe rẹ̀ má baà dún.

"Ta ló ń sọ ọmọ lórúkọ nínú àpótí?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ìyá, ìlú ò dáa."

"Mo mọ̀ pé ìlú ò dáa. Ọmọ ni mo ní kó dáa."

"Bí mo bá pe Mama Efe, Alero á ní mo ti ta òun. Bí mo bá pe Alero, àwọn ọ̀rẹ́ Efe á lé wa jáde, bí wọn ò bá jó wa mọ́lé. Bí mo bá pe àwọn méjèèjì, wọ́n á fa ọmọ ya. Níbo ni mo fẹ́ gbé abiyamọ gbà nínú kónílé-ó-gbélé? Ẹ sọ fún mi, Ìyá."

"Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, Làmídì. Ilé wo lo wò?"

"Ilé Ìjẹ̀bú ni mo wò."

Ìyá Àgbà yí ojú ká yàrá náà, láti ara páànù dé ilẹ̀. "Ìjẹ̀bú rèé níbí?" ó béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ooru mú wa bí àkàrà inú epo. Òógùn aláfáà ń kán sórí tírà rẹ̀, ìyá mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ, bàbá mi sì ń na ọwọ́ sí gbogbo wa pé kí a rọra sọ̀rọ̀. Aláfáà pe ìpè ìrun sí etí ọmọ ní ohùn tó kéré bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Ó ní Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀, a ṣe àmín, a fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé odó Mama Efe ti dákẹ́. Ní gbogbo ìgbésí ayé mi n kò gbọ́ kí odó náà dákẹ́ ní irú àkókò yẹn rí. Mo fi ojú sí àlàfo ilẹ̀kùn. Mo rí Mama Efe tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ká apá sáyà, tó ń wo ilẹ̀kùn wa. Mo rí Àǹtí Alero tó jáde pẹ̀lú ẹrù dídì lórí, ẹní àti ìkòkò stáàṣì rẹ̀ lókè ẹrù náà. Ó ti gbà pé inú yàrá wa ni a ti jókòó pẹ̀lú àwọn tí a yàn, òun kò sì sí lára wọn. Èbúté Ogbe-Ijoh ló fẹ́ lọ, láti wọ ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ó tó dé ìdí mángòrò, Efe àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀ wọlé, igi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Mo ti ronú nípa ilẹ̀kùn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi tì í kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Nínú ilé tí wọn kò ti sọ ọmọ lórúkọ nínú yàrá rí, ilẹ̀kùn títì yẹn ló sọ ohun gbogbo tí kò fẹ́ sọ. Alero gbà pé ti Ùròbò ló ń ṣe. Efe gbà pé ti Ìṣẹ̀kírì ni. Mama Efe, tó ni ilé, gbà pé a ti kó kúrò nínú ilé rẹ̀ láì gbé ẹrù.

"Baba Saka, open this door," Efe wí níta.

"Na king dem dey crown inside," ẹlòmíràn wí, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá mi. "Làmídì, ṣílẹ̀kùn."

Bàbá mi kò mira.

"Bí o kò bá ṣí i, ojú fèrèsé lèmi ó gbà. Mo ti dàgbà, bí mo bá ṣubú, ìwọ ni wọ́n á bú."

Ó ṣí i. Oòrùn wọlé lé wa lórí. Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ọmọ láyà, ó ní kí bàbá mi gbé abọ́ omi tẹ̀lé òun, ó sì ní kó gbé e kalẹ̀ sí àárín àgbàlá, láàárín ẹrù Àǹtí Alero àti igi àwọn ọmọkùnrin náà. Kò gbọ́ Píjìn, kò gbọ́ Ùròbò. Ìjẹ̀bú ló sọ, ó sì ní kí bàbá mi máa túmọ̀.

"Bi wọ́n, ta ló ni òrùlé yìí?"

Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀. "Mama, she say who get this roof."

"She no know?" Mama Efe wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Na me get am. My husband nail am with him own hand."

"Bi wọ́n, ọwọ́ ta ló gba ọmọ yìí nígbà tó ń bọ̀ wáyé?"

Bàbá mi wo igi ọwọ́ Efe kó tó sọ ọ́. "She say na which hand catch this pikin."

Ìyá mi kígbe láti inú yàrá pé, "Ọwọ́ Alero ni," ṣùgbọ́n ojú Mama Efe ni gbogbo wọn ń wò, pàápàá Efe. Mo rí i tí Mama Efe tú apá rẹ̀ ká. Ó ní, "Na her hand. I dey there. I see am."

"Ó dáa," Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó ni òrùlé ni yóò da omi. Ẹni tó gba ọmọ ni yóò gbé e dúró. Mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni dede yín ń ṣe é nínú ilé yìí kí n tó dé. Àbí dede yín ti gbàgbé?" Dede ni àwọn Ìjẹ̀bú ń pe gbogbo, bàbá mi kò sì mọ bí yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ tó fi máa dùn tó bẹ́ẹ̀. "She say all of una," ó wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹni gíga kan, ní, "That woman no go touch—" Mama Efe yíjú sí i. "You," ó wí. "Na your papa build this house?" Ọmọkùnrin náà wo Efe. Efe wo ilẹ̀. Àǹtí Alero sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ìkòkò náà ró lórí ilẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì sí ìró rẹ̀, ó gba ọmọ, ó sì lọ dúró sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Mama Efe bu omi, ó dà á sórí páànù pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó dún bí òjò àkọ́rọ̀. Omi náà ṣàn wálẹ̀, ó kán sórí ọmọ, ó kán sórí Alero, ó ta sí Efe àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára, ọmọ sì figbe ta.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju owó sínú abọ́. Ìyá Àgbà pe orúkọ tirẹ̀. Àǹtí Alero ju tirẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀, ó ní, "Eyitemi." Kò sí ìdí láti túmọ̀ rẹ̀ fún àwa, bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mama Efe ju tirẹ̀, ó ní, "Onome." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n sọ ohun tó túmọ̀ sí fún òun. Mama Efe ní, "Onome. E mean say, this one na my own." Àǹtí Alero wò ó, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n wó àtíbàbà rẹ̀: "Na the same thing I talk." Ohun kan náà tí ìlú ń jà lé lórí ní ìta, àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ lórí ọmọ kan, kò sì sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sílẹ̀. Mama Efe kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Efe, you no get hand? Drop your own." Efe gbé igi sí ògiri, ó wá inú àpò rẹ̀, ó ju kọ́bọ̀ sínú omi. Ẹni tó bá ti ju owó sínú omi ọmọ kò tún lè fọwọ́ kan ilé ọmọ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni gíga yẹn tutọ́ sílẹ̀, ó ní àwọn ń padà bọ̀, wọ́n sì jáde.

Wọn kò padà sí ilé wa. Ìsọ̀ bàbá mi ni wọ́n lọ. A bá gbogbo ìgò fìtílà ní fífọ́ nínú ìsọ̀, a kò sì mọ̀ títí dòní bóyá àwọn ni, tàbí àwọn tí inú bí pé kò so àsíá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Àǹtí Alero lọ sí èbúté Ogbe-Ijoh náà, torí ilé kan kò lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ló lọ, Efe ló ru ẹrù rẹ̀, Mama Efe sì rìn níwájú wọn títí dé etí omi, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé ní ohùn òkè, kí wọ́n lè rí òun. Bàbá mi kò ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án mọ́ láti ọjọ́ náà, kódà nígbà tí ìlú tún gbóná. Wárì ti gbóná lẹ́yìn ìyẹn ju iye ìgbà tí mo fẹ́ rántí lọ. Òyìnbó lọ, òmìnira dé, ìbéèrè náà kò lọ. Igi ni Efe mú lọ́wọ́ nígbà tirẹ̀. Ìbọn ni àwọn ọmọ tí wọ́n dé lẹ́yìn mú, tí wọ́n sì gbé e wọ inú odò. Ọ̀kan nínú àwọn ìjà náà ló jó ilé Mama Efe. Ilé ìtajà fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nínú àwọn tó wà nínú àgbàlá lọ́jọ́ náà, bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà, ní Ìjẹ̀bú, tó ṣì ń béèrè Sìkírátù, "ọmọ odò" rẹ̀, títí dé òpin. Mama Efe kú kí ilé rẹ̀ tó jóná, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àǹtí Alero lo ọdún púpọ̀ sí i ní etí omi. Ó wá síbi ìgbéyàwó Sìkírátù, ó sì jó. Ìyá mi ti lọ, aláfáà ti lọ. Efe wà láàyè. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dé, ó máa ń mọ ẹsẹ̀ mi, á ní, "Karo, na you be that?" Èmi náà wà láàyè. Àbúrò mi sì wà láàyè, ní Aladja, lójú ọ̀nà ilé iṣẹ́ irin, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Eyitemi ni àwọn kan ń pè é níbẹ̀, Onome ni àwọn mìíràn ń pè é, ó sì ń jẹ́ méjèèjì. Nínú gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò rántí nǹkan kan.